Gbogbo Rẹ̀ Ni Vinka Sanwó Fún

Vinka gbé ìgbànú náà sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra dá a padà sórí àtẹ. Rọ́bà ni, wọ́n kàn kùn ún kó lè jọ awọ ni. Ọkùnrin tó ń tà á kò bá a jiyàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ̀ba sábẹ́ àtẹ, ó sì mú òmíràn jáde, èyí tí òórùn màlúù ṣì wà lára rẹ̀, tó jẹ́ pé òrùka idẹ kékeré kan ni wọ́n fi ń so ó. Ó ní àwọn tó mojú ọjà lòun fi ìyẹn pamọ́ fún. Vinka ná an títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò, ó sanwó, ó sì ní kó kọ rìsíìtì fún òun. Nínú gbogbo ọjà àwọn ajalèlókun lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló gba rìsíìtì.

Ọdọọdún ni wọ́n ń pàtẹ ọjà yìí sábẹ́ àwọn igi ńlá etí odò Cetina ní Omiš, láàárọ̀ ọjọ́ ìjà. Idà tí kò mú, bàtà awọ, àwo igi, ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, gbogbo ohun tí èèyàn lè fi jọ ará ayé àtijọ́ fún ìrọ̀lẹ́ kan. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ àwọn ajalèlókun á yọ láti ẹnu odò, á dojú kọ ọkọ̀ àwọn ará Venice, wọ́n á pariwo mọ́ra wọn, èéfín á bo ojú omi, àwọn ará Venice á sì sá lọ bí wọ́n ṣe ń sá lọ lọ́dọọdún. Eré ni. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ létí ará Omiš pé eré ni.

Ẹgbẹ́ Ọfà ló ń wa ọkọ̀ àwọn ajalèlókun náà. Àjẹ̀ kan ṣófo nínú rẹ̀ lọ́dún yìí, àjẹ̀ yẹn sì ni Vinka ń wá lójú méjèèjì.

Ìlú yìí ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Nígbà tí Vinka wà lọ́mọdé, tó bá ti di àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá rẹ̀ á gbé e kọ́rùn kó lè rí ìjà náà lórí àwọn èrò, á ní, “Wò ó, àwọn èèyàn wa nìyẹn.” Nígbà tí Vinka dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè ní ààlà tó jìnnà sí òkun, ó ń tú àpò àwọn èèyàn títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé ìyá rẹ̀ tó ti ṣófo. Àwọn ará àdúgbò ń kí i dáadáa, wọ́n ń pè é ní Màdáàmù Kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sì sí ẹni tó bá a jà rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí náà. Láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, ohùn wọn á gba orí òrùlé rẹ̀ kọjá. Ó máa ń dùn ún. Tóun bá lè jókòó nídìí àjẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ó dá a lójú pé òun á kúrò ní àlejò.

Jerko, olórí ẹgbẹ́ náà, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ti sọ òfin fún un lánàá. Kò gbọdọ̀ sí sípì, kò gbọdọ̀ sí rọ́bà, kò gbọdọ̀ sí aago lọ́wọ́. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ti ayé àtijọ́ pọ́ńbélé. Bó bá ti jọ òótọ́ lójú ẹni tó ń wò ó láti inú ọkọ̀ kejì, ó tó. Ó ní kó wá kí oòrùn tó wọ̀ kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kan kún un, ni Màmá Luce, àgbà ẹgbẹ́ náà tó ń rán ẹ̀wù wọn, bá wúkọ́. Jerko sì pa ẹnu dé.

Ẹ̀wù kò ṣòro. Vinka ti fi ọwọ́ rán tirẹ̀ láti ara aṣọ ibùsùn ọ̀gbọ̀ tí ìyá rẹ̀ gbé wálé ọkọ. Ìgbànú náà ti wà báyìí. Ó ku bàtà àti fìlà, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè máa nawọ́ sí ohun tó bá ṣáà ti wù ú.

Bàtà ló ń yẹ̀ wò lọ́wọ́, èyí tí wọ́n dín owó rẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ kan pupa ju èkejì lọ, nígbà tí Jerko dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kí i, ó bọ́ ọ̀bẹ ìbàdí rẹ̀ tòun ti àkọ̀, ó gbé e lé orí àtẹ níwájú Vinka gan-an, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa afẹ́fẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Vinka wo àkọ̀ náà, nítorí pé ojú rẹ̀ kò lè rí nǹkan kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi iná tẹ àmì ṣírí ọkà sí i, àmì kan náà tó wà lára ilẹ̀kùn Bepo oníbúrẹ́dì. Bóyá Bepo ló tà á fún un. Ó sanwó bàtà, ó gba rìsíìtì, ó sì sáré tẹ̀ lé Jerko láàárín èrò.

“Jerko, o gbàgbé ọ̀bẹ rẹ.”

Jerko wo ọ̀bẹ, ó wo Vinka. “Ṣé mo gbàgbé ẹ̀ ni?”

“Orí àtẹ lo fi í sí. Ẹlòmíì ì bá ti gbé e lọ.”

“Ì bá ti gbé e lọ lóòótọ́, Àǹtí Vinka,” ni Jerko wí, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn ti ń jó lórí àwọn òkúta funfun, òkè tó dúró ti ìlú lẹ́yìn sì dà bí ohun tó ń yọ́. Vinka jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó ń jẹ soparnik, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ há láàárín. Bepo wá jókòó tì í, ó bọ́ fìlà pupa orí rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, ó ní ooru yìí pọ̀, ó dìde, ó sì lọ láìdé fìlà. Èyí náà tún gbàgbé. Vinka rò pé ooru ló ń ṣe àwọn èèyàn yìí. Nínú fìlà náà, ẹnì kan ti fi òwú búlúù kọ orúkọ Luce. Ó jẹun tán, ó nu ọwọ́ kó má baà kó òróró bá fìlà onífìlà, ó sì gbé e lọ sílé búrẹ́dì, níbi tí àpò ìyẹ̀fun àti àpò iyọ̀ ti tò kan àjà.

Ìyàwó Bepo rí fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn lọ rẹ́rìn-ín. Bepo fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Màdáàmù Kọ́sítọ́ọ̀mù,” ni ó wí, “ṣé kì í rẹ̀ yín ni?”

Vinka rò pé ìrìn inú oòrùn ló ń sọ. Ó ní rárá, kò rẹ òun. Lọ́nà tó ń padà bọ̀ ló ti ra fìlà tirẹ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ létí kan, tí owó rẹ̀ sì tipa bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn náà gbogbo ìlú sùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́sàn-án: fèrèsé á padé, àwọn ọlọ́jà á fi aṣọ bo àtẹ, á wá ku àwọn kòkòrò orí igi nìkan tí wọ́n ń ké. Vinka lọ jókòó sórí ògiri kúkúrú etí odò, lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Omi náà ń lọ wẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé ló ní, ó ń gbé òjìji òkè lọ láìgbé e kúrò níbi tó wà. Oorun ń kùn ún. Ó rí ara rẹ̀ lọ́rùn ìyá rẹ̀, ó gbọ́ òórùn ọṣẹ nínú irun rẹ̀. Ọkọ̀ kan ń lọ nísàlẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò ní ojú, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é lórúkọ, wọ́n ń pè é ṣáá.

Nígbà tó ta jí, Màmá Luce ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na gbalaja sórí ògiri, ó ń han-an-run. Ó ti tú ìgbànú rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì: ìgbànú onírun àgùntàn, pupa àti dúdú, tí wọ́n fi ọwọ́ hun, irú èyí tí kò sí lórí àtẹ kankan. Nǹkan kan ṣoṣo tó bà á jẹ́ ni òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ tó ta sí i létí. Ó rẹwà débi pé ọkàn Vinka fà sí i, ojú sì tì í fún èrò náà. Ó gbé ọwọ́ lé e kí ẹnikẹ́ni má baà jí i. Àlejò kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn sún mọ́ wọn. Vinka wò ó bó ṣe máa ń wo àwọn awakọ̀ ní ààlà, ọkùnrin náà sì gba ibòmíràn lọ.

Màmá Luce la ojú kan. “Vinka, kí lò ń ṣe?”

“Mò ń bá yín ṣọ́ ìgbànú yín ni, Màmá. Olè pọ̀ nílùú lónìí.”

Ìyá àgbà náà wò ó pẹ́. “Wọn ò tíì pọ̀ tó,” ni ó wí, ó sì yíjú sí odò.

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò létí èbúté níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Jerko yí i ká. Ó fọwọ́ kan ojú rírán ẹ̀wù náà, ó mi orí pé ó dára. Ó wo abẹ́ bàtà. Láti inú ọkọ̀ kejì, àní láti ìtòsí pàápàá, kò sí ohun tó kù.

“Níbo lẹ ti rí ìgbànú yìí, Àǹtí Vinka?”

“Mo rà á.”

“Bàtà ńkọ́? Fìlà?”

“Gbogbo ẹ̀ ni mo sanwó fún. Rìsíìtì wọn wà nínú báàgì mi.”

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ nínú ọkọ̀. Jerko họ orí. Ó ní ó múra dáadáa, pé ó múra ju gbogbo àwọn lọ. Ó wá fi okùn ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá àwọn di í mú síbẹ̀ ná. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjẹ̀ tó ṣófo náà wà nílẹ̀ níwájú Bepo.

Ó dun Vinka wọra. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí ohun tó ṣe tí kò dára. Òfin wo ló rú? Omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Kó má baà bọ́, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe níbi iṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá dà rú mọ́ ọn lójú: ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn èèyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí oníkálukú gbé dání.

Jerko fi ọ̀bẹ Bepo há ìbàdí. Bepo dé fìlà Luce. Ìgbànú tó wà níbàdí Luce, òróró ẹ́ńjìnnì Jerko ló wà lára rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níwájú ọkọ̀ wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ lásán jókòó. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí kò wọ ohun oníǹkan. Ajalèlókun ni wọ́n. Ta ló rí ajalèlókun tó gba rìsíìtì rí? Kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un, nítorí ohun tí wọ́n bá ní kí èèyàn mú, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ohun tó jí.

Ọ̀bẹ. Fìlà. Ìgbànú. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, òun náà ló sì ń bá wọn tì í.

Okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Venice ti fun fèrè lójú òkun, ọkọ̀ kò sì lọ. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ń wo òkè bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀. Màmá Luce, tí kì í wakọ̀ mọ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní èbúté. Ó ní ìgbànú yìí fún òun jù, ó ṣàròyé nípa ooru, ó ṣàròyé nípa ọjọ́ orí, ó tú u, ó gbé e lé orí òkúta, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè.

Àyà Vinka ń lù kìkìkì. Ó rántí àwọn tó ti dúró níwájú rẹ̀ rí ní ààlà, obìnrin tó fi kọfí pamọ́ sábẹ́ ọmọ, bàbá tó rọ wáìnì sínú ike epo, bí òógùn ṣe máa ń bo imú wọn. Ẹ̀rù ló máa ń pè é. Kò mọ̀ pé ayọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú ìgbànú náà, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ara Luce, ó dè é mọ́ ìbàdí lórí èyí tó rà, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá sínú ọkọ̀ tòun ti okùn, ó sì jókòó nídìí àjẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ni Màmá Luce ké láti èbúté, “ta ló bá mi rí ìgbànú mi?”

Bepo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ni Vinka ti ń bi àwọn èèyàn ní irú ìbéèrè yìí, tó sì ń kórìíra ìdáhùn wọn. Ó di àjẹ̀ mú dáadáa.

“Èmi ò rí i o, Màmá.”

Àjẹ̀ gbogbo bọ́ sínú omi. Èbúté rọra ń sún sẹ́yìn, igi ọ̀pọ̀tọ́, àwọn àtẹ, àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lọ́rùn ìyá wọn. Wọ́n ti fẹ́ dé ẹnu odò kí Bepo tó tẹ̀ síwájú, tó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí.

“Vinka, ṣé iyọ̀ wà nílé ẹ? Tiwa ti tán.”

Ó rántí àwọn àpò iyọ̀ tó tò kan àjà.

“Ó wà,” ni ó wí, ó sì ń wakọ̀ lọ.