Opó Tó Tan Ẹ̀rọ Omi

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Digory Trembath já bọ́ láti orí ẹ̀rọ omi tó ti ń tọ́jú láti ọdún mọ́kànlá. Ó gòkè lọ fi ọ̀rá sí oríkèé ìtì irin ńlá tó máa ń lọ sókè sódò bíi jangirọ́fà, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Loveday, ìyàwó rẹ̀, wà nínú ilé tí ilé-iṣẹ́ omi fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Kò gbọ́ igbe kankan. Ẹ̀rọ ń mí lọ bó ṣe ń mí, ó ń fa omi odò Thames sókè fún àwọn ará London. Ìgbà tó dákẹ́ ni Loveday tó gbórí sókè. Nígbà tí Bàbá Crewe, ẹni tó ń kó èédú síná, fi máa kan ilẹ̀kùn, obìnrin náà ti nu ọwọ́ rẹ̀ tán.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin ín. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń retí kó bú sẹ́kún kí wọ́n lè tù ú nínú. Bàtà àlùfáà ni Loveday ń wò. Ẹrẹ̀ wà lára ti òsì, kò sí lára ti ọ̀tún. Ohun tó ń rò nìyẹn títí wọ́n fi bo erùpẹ̀ tán.

Kò tíì tú okùn fìlà dúdú orí rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Whitlock, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi, wọlé.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyá.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n wá nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta rèé tí ẹ̀rọ ti dákẹ́. Omi tó wà nípamọ́ ti fẹ́ẹ̀ tán, ilé ìwòsàn sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lónìí. A wá ọkùnrin kan láti òdìkejì odò, láti àná ló ti ń bá a jà, kò dá a lóhùn. Ṣé ọkọ yín kọ bó ṣe ń tan án sílẹ̀ síbì kan?”

“Digory? Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ, sà. Ẹ jẹ́ n wá wò ó.”

“Ta? Ẹ̀yin?”

“Nígbà tí ibà bá dá a dúbúlẹ̀, ta lẹ rò pé ó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ? Áńgẹ́lì?”

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ, Garland, ọkùnrin òdìkejì odò, ti làágùn dé ìbàdí. “Ha! Opó ni wọ́n lọ pè wá! Ṣé ẹ fẹ́ gbàdúrà fún un ni?”

“Pa ẹnu ẹ dé, jàre,” ni Bàbá Crewe sọ. “Ìwọ tó o ti ń bú u láti àná, kí ló fún ẹ? Ìyàwó ọ̀gá wa, ẹ káàbọ̀.”

Loveday gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ. “Ó tutù. Bí ara rẹ̀ ò bá kọ́kọ́ gbóná, gbogbo ooru omi híhó tẹ́ ẹ bá rán sí i, omi ló máa padà dà. Bàbá Crewe, ẹ kó èédú sí i. Ẹ ní sùúrù fún un.”

Wọ́n dúró. Nígbà tí ara ẹ̀rọ gbóná dáadáa, tí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ sì tú jáde tán, ó ku ọwọ́ irin tí yóò fà. Ìdí ọwọ́ irin yẹn gan-an ni Digory já bọ́ sí. Wọ́n ti fọ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì da iyanrìn lé e.

“Ẹ jẹ́ n bá yín fà á,” ni Bàbá Crewe wí. “Ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn.”

“Ọwọ́ yín ò mọ̀ ọ́n.”

Ó tẹ iyanrìn náà mọ́lẹ̀. Ó ń dúró de kí nǹkan ru sókè láyà rẹ̀. Kò sí nǹkan tó ru. Ó fa ọwọ́ irin, ìtì náà kérora, ó tẹ̀ wálẹ̀. Ó tún fà á. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Garland ṣí fìlà. Bàbá Crewe ń sunkún bí ọmọdé. Loveday ń wò wọ́n bí ẹni ń wo èrò ọ̀nà láti ojú fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ṣe iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, títí wọ́n fi rí ẹlòmíràn láti Cornwall, ẹkùn tí Digory ti wá. Ó ń jẹ búrẹ́dì, kò mọ adùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìkòkò ọ̀rá, ó gun òkè nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ò bà á rárá, ohun tó dẹ́rù ba Bàbá Crewe gan-an nìyẹn.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ tó gùn ún!”

“Ilé ìwòsàn ń fẹ́ omi.”

“Àwa náà ń fẹ́ yín, ìyàwó ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ó wo bàbá náà látòkè. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó máa ń dá ẹ̀rọ dúró kó tó gòkè.

Nígbà tí Hosking tó máa gba iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, Loveday fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọkùnrin náà níṣẹ́, ó gbá ilé fún wọn, ó sì wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Cornwall.

Ní Exeter, lójú ọ̀nà, àwọn èrò ọkọ̀ dúró jẹun. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bi í pé, “Awo mélòó, mà?”

“Méjì.”

Ẹran àgùntàn àti ànàmọ́ ló gbé wá, awo méjì. “Ṣé ẹnìkejì yín ń bọ̀ ni?”

Loveday wo awo kejì, èyí tí ì bá jẹ́ ti Digory. Ó fi ṣíbí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ láti gbé awo kejì kúrò.

“Fi sílẹ̀,” ni Loveday wí. Omijé ti kún ojú rẹ̀. “Jọ̀ọ́, ọmọ mi, fi sílẹ̀ ná.”