Èèpo Fáìlì Àmúdàtù

"Àǹtí, dókítà ní èèpo rẹ̀ nìkan lòun ń rí," ni ọkùnrin náà tún wí. "Ó ní òun ṣí i, òun tún un ṣí, èèpo náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn."

Beulah kò tíì gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Fáìlì ọsibítù ló ń gbé gòkè sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, síbi ìpamọ́ tí gbogbo wọn ń pè ní kíláòdù. Ilà aláwọ̀ ewé kan ń rákò lójú ẹ̀rọ náà láti fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ. Bí iná bá lọ díẹ̀, wọn á tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ní Yaba, ó sì ti rẹ gbogbo wọn débi pé kò rẹ̀ wọ́n mọ́.

"Ta ló ni fáìlì ọ̀hún, Bàbá?"

"Ìyàwó mi ni. Àmúdàtù. Ọkọ rẹ̀ lèmi, Mùktárù."

Ìjókòó mọ́tò ló ń rán ní Mushin, òwú ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní ìfun ìyàwó òun ló lọ́, wọ́n ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n fẹ́ là á.

"Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n là á bí Haleemah, ọmọ wa, abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n gún un. Háà! Èémí rẹ̀ lọ, Ọlọ́run ló yọ wá. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnikẹ́ni má tún gún abẹ́rẹ́ yẹn fún un mọ́ láéláé. A bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó ní ká fọkàn balẹ̀, òun ti kọ ọ́ sínú fáìlì. Ó ní bíró pupa lòun fi kọ ọ́."

"Ẹ ò wá kọ ọ́ síbì kankan nílé?"

"Wọ́n ti kọ ọ́ sí ọsibítù, Àǹtí. Kí la tún fẹ́ kọ nílé?"

Beulah tẹ orúkọ obìnrin náà. Kíá ló jáde: káàdì aláwọ̀ ilẹ̀, orúkọ, àdírẹ́sì ní Mushin, òǹtẹ̀ ọsibítù. Ó parí síbẹ̀.

Ó mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Iye fáìlì ni ọsibítù ń sanwó lé, kì í ṣe iye ojú ewé. Fáìlì ì báà nípọn bí irọ̀rí, ọ̀kan ni wọ́n máa kà á. Ọ̀gá Ìbíkúnlé, tó ni iléeṣẹ́ náà, wá ní kí wọ́n máa ya àwòrán fáìlì àwọn olówó tó ń gba yàrá àdáni sínú kọ̀ǹpútà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ti wọ́ọ̀dù gbogbogbò ńkọ́? Èèpo nìkan. "Ta ló máa wá wo tinú wọn?" ló wí. Olórí àwọn tó ń tọ́jú ìwé lọ́sibítù mọ̀ sí i, ó sì ti jẹ tirẹ̀. Bí èèpo bá ti gòkè, wọ́n á da fáìlì gan-an sínú àpò ìrẹsì, wọ́n á rán an lẹ́nu, ọkọ̀ á sì wá kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ bébà di tíṣù. Tíṣù o! Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i mọ́ nínú ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bínú tán.

Beulah wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ọsàn ló ń jẹ.

"Sà, ọkùnrin kan ń wá inú fáìlì ìyàwó rẹ̀. Wọ́n fẹ́ là á báyìí. Àwọn àpò kan ṣì wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú wọn wò."

"Àpò mélòó lo fẹ́ tú?"

"Títí a ó fi rí i, sà."

Ìbíkúnlé kì í pariwo. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. "Beulah, tí a bá rí ti bàbá yìí, ẹlòmíràn á gbọ́. Tó bá dọ̀la, gbogbo Mushin ló máa tò síbí, wọ́n á ní kí ló dé tí inú fáìlì àwọn kò sí lórí kọ̀ǹpútà. Kí lo fẹ́ kí n wí?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kí n bá bàbá sọ̀rọ̀."

Ó jáde, ó tẹrí ba fún Mùktárù. "Bàbá wa, ẹ kú ìrìn o. Ẹ má jáyà rárá, nẹ́tíwọ̀kì ló fà á. Ó ń gòkè lọ́wọ́. Ẹ wo ilà aláwọ̀ ewé yẹn. Bó bá ti kún báyìí, gbogbo rẹ̀ á jáde lọ́dọ̀ dókítà. Purity, fún Bàbá ní àga. Fún wọn ní omi tútù."

Mùktárù dúpẹ́, ó dúpẹ́ títí. Ó pe Haleemah, tó wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ́sibítù, lórí fóònù. "Sọ fún dókítà kó ṣe sùúrù. Mo ti ń wò ó báyìí, ojú mi ló ṣe ń gòkè. Kí wọ́n má tíì gún un ní nǹkan kan o. Kí wọ́n dúró."

Fáìlì àwọn olówó ló ń gòkè. Beulah mọ̀, Purity náà mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ṣì dúró lẹ́yìn wọn. Ìgbà tó padà sídìí ọsàn rẹ̀ ni Beulah dìde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lọ síbi tí àwọn àpò náà wà.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ ya ẹnu àpò kan. Fáìlì àwọn ọmọdé ni. Ó ya òmíràn, ti àwọn tí ojú ń dùn ni. Wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, kò sí èyí tó tò. Àkàngbé, tó ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀, dúró tì í.

"Àǹtí Beulah, kí lẹ ń wá? Dírẹ́bà ti ń pariwo nísàlẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan," ló wí, ó sì yẹra kí ìyẹn lè rí àpò gbé.

Nígbà tó padà dé, Mùktárù ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Fóònù wà létí rẹ̀. "Ó kù díẹ̀. Wò ó, Haleemah, sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀." Ohùn ọmọbìnrin náà ń jáde ketekete: "Bàbá, Màámi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní ṣé kí àwọn ṣì dúró?"

"Bàbá," ni Beulah wí, "ẹ ní kí wọ́n máa ṣe é lọ."

"Ṣùgbọ́n kò tíì kún."

"Bó bá kún, kò ní jẹ́ tiyín. Fáìlì ẹlòmíràn ni mò ń gbé gòkè. Inú tìyàwó yín kò sí lórí kọ̀ǹpútà. Kò síbẹ̀ rí."

Geere ni ohùn rẹ̀ ń lọ. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé kò gbọ̀n.

Mùktárù wo ilà náà, ó wo Beulah. "Ọ̀gá yín ló ní…" Kò parí rẹ̀. Ó ń pariwo sínú fóònù pé kí wọ́n là á, kí wọ́n là á, ó sì ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ilà náà kún. "Ó ti gòkè o!" ni Purity kígbe. Àwọn kan dúpẹ́ pé iná ò lọ.

Haleemah ló pe ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Ó béèrè Àǹtí tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní màmá òun ti kú. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló pa á. Ìfun rẹ̀ ti kú sínú kí wọ́n tó là á, dókítà ní ó ti pẹ́ jù. "Bàbá mi ní kí n bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ló wí, "pé ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

Beulah gbé fóònù kalẹ̀. Ó dùn ún. Ó mọ̀ pé ó dùn ún, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ń yọ eyín òun lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú. Ó jẹun ọ̀sán rẹ̀ tán.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, àlejò dé láti ọsibítù mìíràn lápá Súrùlérè. Ìbíkúnlé kó wọn wá sídìí tábìlì Beulah. "Fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn ìyáàfin."

Ọsibítù àkọ́kọ́ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ yẹn. Beulah ṣí èyí tó wà lókè pátá: kí wọ́n gbé Àmúdàtù Mùktárù lọ sínú fódà àwọn tó ti kú. Ó gbé e. Ojú ewé kan ṣoṣo ni. Ó ti débẹ̀ kí àwọn àlejò tó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ṣé ó ti lọ nìyẹn?" ni ọ̀kan nínú àwọn ìyáàfin náà bi í.

"Ó ti lọ, mà."

"Ó mà yá o! Tiwa pọ̀ ṣá, pàápàá ti wọ́ọ̀dù gbogbogbò. Ẹ̀rù wọn ló ń bà mí."

"Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, mà," ni Ìbíkúnlé wí, ó ń fa àga fún un. "Àwọn yẹn ló máa ń yá jù."