Ọpọ́n Ìwẹ̀ Ọ̀gá Ludlow

Ẹ̀jẹ̀ orí pákó ọkọ̀ náà kò tíì gbẹ tí àwọn ọmọ ogun méjì fi gbé ọpọ́n ìwẹ̀ onídẹ lé e. Lemuel Strouse di ìjánu ẹṣin mú, ó ń wò wọ́n. Wọ́n gbé àpótí aṣọ mẹ́ta tẹ̀ lé ọpọ́n náà, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù kan, wọ́n wá gbé àpótí ọtí wáìnì tí wọ́n fi koríko gbígbẹ há láàárín kí ìgò má baà fọ́. Lemuel mọ koríko yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ìjẹta. Àbàwọ́n wà lára òmíràn nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ní Virginia, ní Amẹ́ríkà ni, nínú oṣù Kejìlá, ọdún kejì tí àwọn ará Àríwá àti ará Gúúsù ti ń pa ara wọn. Ìjà etí odò ti parí láti ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ará Àríwá ló sì fara gbà á jù. Lemuel kì í yìnbọn. Àgbẹ̀ ará Pennsylvania, ní Àríwá, ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, ẹṣin ló mọ̀ ọ́n dà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi í ṣe sájẹ́ǹtì lórí ọkọ̀ kan tí ẹṣin méjì ń fà, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn fi ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, òun àti Elihu Goss tó ń bá a gbé ènìyàn ti lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin lẹ́ẹ̀kan. Ẹni méje ló kù nínú ilé ìlọkà tí wọ́n sọ di ilé ìwòsàn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin máa gbéra, òmíràn kò sì sí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀gá Ludlow, tó ń bójú tó gbogbo ọkọ̀ àti ẹrù, fẹ́ kó kúrò ní ilé tó wọ̀ sí, lọ sí ilé kan tó dára jù ú lọ lẹ́yìn òkè. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ pélébé nu ẹnu.

"Rọra wà á, Strouse. Ìyàwó mi ló ni ọpọ́n yẹn."

Lemuel sọ fún un pé ẹni méje ṣì wà nínú ilé ìlọkà.

"Wọ́n ti wà ńbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta," ni Ludlow wí. "Wákàtí méjì sí i ò ní pa wọ́n."

Lemuel kúrò níwájú rẹ̀. Ilé ìlọkà ló kọjá sí, lọ́dọ̀ Dókítà Bemis, nítorí ó dá a lójú pé ìyẹn kò ní gbà. Àmọ́ ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ìgò wáìnì kan, bíi ti inú àpótí Ludlow, dúró sáàárín àwọn ayùn tí dókítà fi ń gé ẹsẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti tán. Dókítà kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní òun ti fọwọ́ síwèé pé kí Ludlow lo ọkọ̀ náà, pé kò sí ohun tí òun lè ṣe.

"Nínú ogun yìí, Lemuel, dókítà ò láṣẹ lórí ẹṣin kan ṣoṣo. Ludlow ló ni wọ́n."

Bó ti ń jáde ni ẹnì kan di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. Asahel Root ni, oníbàtà, ọkọ àbúrò Goss. Ọta ibọn ti wọ itan rẹ̀, okùn ni wọ́n fi so ó pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà. Ó béèrè bóyá ó ti kan òun láti lọ. Lemuel ní ó kù díẹ̀, pé òun ń padà bọ̀. Ó bu omi fún un mu, ó sì jáde kíákíá, nítorí ojú tì í.

Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà mu kẹ̀kẹ́ dé ìdajì. Bí ọkọ̀ bá ti ko kòtò, àwọn ìgò á dún ṣìn-ìn-ṣìn-ìn. Goss jókòó tì í. Lemuel ń gbọ́ ìró ìgò yẹn, ó ń gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ àga onítìmùtìmù, ìríra ohun tó ń ṣe sì mú un. Nígbà tí wọ́n dé oríta, wọ́n ti rìn tó wákàtí kan. Ó fa ìjánu.

"Sọ̀ kalẹ̀. A ó kó o sílẹ̀."

Goss wò ó. "Wọ́n á dè wá mọ́ kẹ̀kẹ́, sájẹ́ǹtì. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí wọ́n dè wá."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Wọn kò fọ́ nǹkan kan. Wọ́n yí ẹṣin padà, wọ́n sì nà wọ́n bí wọn kò ṣe nà wọ́n rí.

Asahel ti kú kí wọ́n tó dé. Okùn itan rẹ̀ ti tú, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ara rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Goss kúnlẹ̀, ó pa á lójú dé, ó dìde, ó sì gbá ẹsẹ̀ ẹni tó kàn mú láti gbé e. Wọ́n to mẹ́fà sínú ọkọ̀. Lemuel rí i pé ọkọ̀ gbà wọ́n dáadáa, pé méje ì bá há. Kó tó mọ̀, ó ti ń dúpẹ́ fún àyè yẹn nínú ọkàn rẹ̀. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó sì bì.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù nígbà tí wọ́n gbé ẹni ìkẹfà wọnú ọkọ̀ ojú irin. Ludlow ti wà níbẹ̀ lórí ẹṣin, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti rí ẹrù rẹ̀. Kó tó la ẹnu, bàbá àgbà kan nínú aṣọ ọ̀gágun já sí àárín wọn, akọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Washington ni wọ́n ti rán an pé kó wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ó ní òun kọjá ní oríta, òun rí ọpọ́n ìwẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yà òun lẹ́nu. Ta ló ni ín?

Ludlow sọ̀ kalẹ̀. Lemuel rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó pààrọ̀ fìlà.

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó o sílẹ̀. Mo sọ fún sájẹ́ǹtì mi pé aláìsàn ló kọ́kọ́ ni ọkọ̀, ẹrù lè dúró."

Inú bàbá náà dùn gan-an. Ó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni òun ń wá kiri láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí Ludlow fọwọ́ sí i, òun náà á fọwọ́ sí i, á sì di òfin fún gbogbo ẹgbẹ́ tó wà létí odò: ọ̀gá kankan kò gbọdọ̀ kó ẹrù sínú ọkọ̀ aláìsàn mọ́, dókítà nìkan ni yóò sì máa pàṣẹ fún ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Lemuel.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Lemuel mọ ohun tí ọjọ́ kan yẹn máa ná àwọn ènìyàn. Bí ó bá sọ òtítọ́, ìgbẹ́jọ́ ló kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá, oṣù kan, oṣù méjì, ìwé yẹn á sì wà láìkọ. Ìjà mìíràn kò ní dúró dè wọ́n. Akọ̀wé ti ki kálámù bọ yíǹkì. Lẹ́yìn ẹṣin, Goss dúró, ó ń wò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ludlow gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ń ta sánsán, òórùn lọ́fínńdà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí akọ̀wé, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun.

Wọ́n lọ fọ ọkọ̀ létí odò. Lemuel ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha pákó. Goss ka ẹ̀dà ìwé náà tí wọ́n fún wọn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Orúkọ Ludlow ló wà nísàlẹ̀."

"Mo rí i."

"Asahel ńkọ́? Níbo lo kọ tiẹ̀ sí?"

Goss kò pè é ní "o" rí. Kò sí ibì kankan tí Lemuel kọ ọ́ sí. Goss ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò àyà rẹ̀, ó sì nawọ́ kọjá pákó náà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kejì. Wọ́n jọ ń ha á, láìwo ara wọn. Omi tó ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó dà bí omi tíì, ó wá mọ́. Ìríra inú Lemuel kò bá omi lọ. Ó dúró de kó lọ, kó tó yé e pé òun kò fẹ́ kó lọ. Gbogbo ohun tó kù nípa bó ṣe rí gan-an lónìí, inú ìríra yẹn ló wà.