Àyè Kejì Nínú Ìlà Kẹrin

"Kí ló wà ní àyè yìí tẹ́lẹ̀?"

Bàbá ọmọ ló bèèrè. Ìka rẹ̀ wà lórí pátákó àwòrán kan tó wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, ní ibì kan tó ṣófo láàárín àwọn àwòrán kéékèèké. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Olùtọ́jú tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wo ilẹ̀. Ìyá ọmọ tó jókòó ti ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́, nítorí ìwé tí wọ́n tì síwájú rẹ̀ ti gba ojú àti etí rẹ̀. Ìbéèrè náà bá dúró sáàárín wọn bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò fún ní àga.

Ìwé náà kò gùn. Ó ní ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti di ewu fún ara rẹ̀ àti fún ẹlòmíràn. Láti ọ̀la lọ, wọn yóò gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti máa ń ti ilẹ̀kùn láti ìta, tí òbí sì lè wá wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí òbí buwọ́ lù ú.

"Láti ìta," ni ìyá ọmọ wí. Ó ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ka èdè tí kò gbọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó bí ẹ̀wọ̀n," ni ọ̀gá wí. "Ibi tó dára ni."

"Tó bá dára, kí ni kọ́kọ́rọ́ ń ṣe níta?"

Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ṣòro fún àti àwọn tó ní ọ́tísìmù, àwọn tí ilé-ìwé mìíràn ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dà bí ẹni tí kò sùn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣí bírò sílẹ̀ de àwọn òbí.

Nílé, Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Láti kékeré ló ti máa ń ká ọwọ́ sẹ́yìn, tí á máa rìn yí ilé ká bí ẹni tó kọ́ ọ. Á to bàtà gbogbo ènìyàn ní méjì-méjì. Á yẹ ìkòkò wò bóyá wọ́n dé e dáadáa. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí láyé, ṣùgbọ́n tí o bá gbé ife kúrò níbi tó fi í sí, wàá mọ̀ pé o ti ṣẹ onílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni nǹkan yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ń gé ènìyàn jẹ. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ orí gbá ògiri. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ṣí fáìlì, ó rí ọ̀rọ̀ náà, ọ́tísìmù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ bàlágà. Kò tilẹ̀ dìde lórí àga.

Iṣẹ́ àtúnṣe maṣíìnì ìránṣọ ni bàbá náà ń ṣe. Àwọn aránṣọ a máa gbé maṣíìnì wá bá a tẹjọ́tẹjọ́: "Ó ti ya wèrè, gbogbo òwú ló ń já." Òun kì í bá maṣíìnì jà. Ìbéèrè kan ló máa ń bi oníbàárà: kí lẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀? Gbogbo wọn á ní àwọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà irọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kò fi kúrò lára pátákó. Olùkọ́ kan tó ti lọ síṣẹ́ ní ibòmíràn ló ṣe é fún ọmọ náà lọ́dún méjì sẹ́yìn: ìlà mẹ́rin, àwòrán mẹ́fà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi rọ́bà bo gbogbo wọn, wọ́n fi téèpù búlúù ká etí wọn, wọ́n sì fi aṣọ alẹ̀mọ́ra, irú èyí tó máa ń wà lára bàtà ọmọdé, mú wọn mọ́ pátákó. Bí Ìyá Àgbà bá fẹ́ nǹkan, á já àwòrán rẹ̀, ṣáà, á fi lé ènìyàn lọ́wọ́. Ilé-ìwé ni pátákó náà ń gbé. Àwọn òbí ti sọ nígbà náà pé kò pọn dandan kó dé ilé. Ṣé ọmọ tí àwọn bí ni àwọn kò ní mọ ohun tó ń fẹ́? Bàbá náà rántí ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ó sì dùn ún bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ maṣíìnì gba èékánná ẹni kọjá.

"Mẹ́tàlélógún ló wà níhìn-ín," ó wí. "Ọ̀kan ti kúrò."

"Ó ti lè já, Bàbá," ni olùtọ́jú dá a lóhùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó sì fi bándéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi tí eyín ti wọ̀ ọ́. "Nǹkan àwọn ọmọ yìí kì í pẹ́ bàjẹ́."

"Ìgbà wo ló já, Àǹtí?"

"N kò rántí, Bàbá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pátákó ló kó wa jọ," ni ọ̀gá wí. Ó ti ìwé ńlá kan síwájú wọn. "Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ nìyí. Gbogbo ohun tó bá ṣe là ń kọ síbẹ̀. Ìgbà mẹ́tàdínlógójì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Mẹ́tàdínlógójì?" Ìyá ọmọ gbé orí sókè. "Mẹ́rin lẹ pè wá fún."

"Èyí tó bá le gan-an la máa ń pe òbí fún, Màmá. Ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́."

Ìyá náà ṣí ìwé náà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá. Ó kà á sókè. "'Ó ké lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. A dè é mọ́ àga fún ogún ìṣẹ́jú.'" Ó tún un kà sínú. "Ẹ dè é?"

"Bẹ́líìtì ara àga ni, kì í ṣe okùn. Kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe ni."

"Ẹ de ọmọ mi bí ẹrù." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Mo wá mú un lọ́jọ́ yẹn. Mo bi yín pé ṣé ó jẹun. Ẹ ní ó jẹun."

Bàbá ọmọ fa ìwé náà sọ́dọ̀, torí ó mọ̀ pé tí òun kò bá wá iṣẹ́ fún ọwọ́ òun, ọwọ́ náà á wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

"Ẹ tún fẹ́ máa kà á?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Omi ti lé téńté lójú rẹ̀.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ó wí. "Jẹ́ n kà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Aago, ibi, ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó hàn pé kò sẹ́ni tó jókòó kà á tẹ̀lé ara wọn rí. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn omi tútù, ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó ń fi ọwọ́ gbá ògiri, a wọ́ ọ kúrò." "Ó fà mí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dá a padà, ó gé mi jẹ."

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú mẹ́tàdínlógójì ló jẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀," ó wí nígbà tó parí. "Kò sì sí ọ̀kan tí kò tẹ̀lé oúnjẹ tàbí omi. Àǹtí, kí ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Bàbá. Ògiri ni, àti ilẹ̀kùn."

Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó pè wọ́n wọlé láàárọ̀ yìí, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jókòó ogún ìṣẹ́jú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ àpótí funfun tí wọ́n ń kó bándéèjì àti oògùn egbò sí, wọ́n kẹ́yìn sí i. Ó ti ka gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ tán nítorí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Mẹ́jọ ni.

Ó padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ọjọ́ Tuesday ni ìṣẹ̀lẹ̀ kìíní. Ọjọ́ Monday tó ṣáájú rẹ̀, ìlà kan péré ló wà: Àwọn alábẹ̀wò ìjọba wá, wọ́n ní ilé mọ́, wọ́n ní kí a fi àmì sí ara gbogbo nǹkan.

"Kí lẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀?"

"A kò fọwọ́ kan nǹkan kan," ni ọ̀gá wí.

Bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó yí pátákó sí ìyàwó rẹ̀. "Wo ìlà kẹrin yìí. Ìlà kìíní, oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Ìkejì, ènìyàn. Ìkẹta, ibi tó fẹ́ lọ. Ka èyí fún mi."

Ìyá ọmọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ojú ọmọdé kan náà ni wọ́n yà sí gbogbo wọn. "Ó rẹ̀ mí. Èyí ṣófo. Òtútù ń mú mi. Ooru ń mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Inú mi dùn."

"Kí ló tún kù tí ọmọdé máa ń sọ nípa ara rẹ̀?"

Ó bí ọmọ méjì ṣáájú Ìyá Àgbà, ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn láìmọye ìgbà, lórí orúnkún tó bó, lórí inú tó ń run.

"Ó ń dùn mí," ó wí.

Bàbá ọmọ fi ìka lé àyè tó ṣófo náà.

"Kò jẹ nǹkan tó le mọ́," ni ìyá ọmọ tún wí, sí ara rẹ̀ ju sí wọn lọ. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní àṣejù ni. Mo bá a jà lórí búrẹ́dì."

"Àǹtí, ẹ bá mi mú un wá," ni bàbá wí.

Ìyá Àgbà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti wú nítorí ẹkún. Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ yà sí tábìlì, ó gbé bírò tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ó dé e, ó sì tò ó ti èkejì kí etí wọn dọ́gba. Ọ̀gá gbójú kúrò.

"Ìyá Àgbà, ẹ káàárọ̀ o," ni bàbá rẹ̀ kí i, ó tẹ̀ ba díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nílé. "Ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ máa ń mú wọn lọ."

Ọmọ náà kò wo ojú rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ tó fi mú un le bí ti aránbàtà.

Wọ́n tò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá àti ọmọ níwájú, ìyá pẹ̀lú ìwé tí kò tíì buwọ́ lù, ọ̀gá, olùtọ́jú. Àwọn alábẹ̀wò sọ̀rọ̀, ilé-ìwé sì ti gbọ́ tiwọn: àmì alàwòrán wà lára gbogbo ilẹ̀kùn. Ṣíbí lára yàrá oúnjẹ. Ìgbálẹ̀ lára yàrá ìgbálẹ̀. Ẹ̀rọ omi lára balùwẹ̀. Ọmọ náà kò wo ọ̀kankan. Ó fà á lọ sí bẹ́ǹṣì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jókòó láàárọ̀, ó gun orí rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àpótí funfun náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

"Má fọ́ ọ," ni olùtọ́jú wí, ó sì ti na ọwọ́ láti gbé e sọ̀. Bàbá gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Olùtọ́jú dúró.

Lójú àpótí náà, ní ibi tí ojú àgbàlagbà ti ń rí i láìwá a, àwòrán kan wà. Ojú ọmọdé ni. Ẹnu rẹ̀ là, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n sì fi pupa kun ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Rọ́bà bò ó. Téèpù búlúù ká etí rẹ̀. Téèpù mìíràn, èyí tó mọ́ gaara, ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì lẹ̀ dan-in dan-in. Igun ìsàlẹ̀ kún fún ojú èékánná wínníwínní, ọ̀kan lórí èkejì, níbi tí ẹnì kan ti ń ha á láti já a.

"Èmi ni," ni olùtọ́jú wí. Ọwọ́ rẹ̀ tí bándéèjì wà ti bo ẹnu rẹ̀. "Wọ́n ní kí n fi àmì sí àpótí oògùn. Mo wá àwòrán tó bá a mu, mo sì rí èyí."

Ọ̀gá na ọwọ́, ó gba ìwé kúrò lọ́wọ́ ìyá ọmọ, ó sì ká a.

Ìyá Àgbà kò dúró dè wọ́n. Ó mú ìka bàbá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán náà. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka kan náà wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ara rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀. Ibẹ̀ wú lórí eyín ẹ̀yìn, ó sì gbóná bí irin inú iná.