Kọ̀ǹpútà Kọ̀ Láti Gbéra Níwájú Àlejò

Mi ò fẹ́ràn àbúrò ọkọ mi, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa bá mi wá àwáwí. Ẹnjiníà ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé láti kékeré ló ti ń tú rédíò onírédíò, tó sì ń pàdánù síkírúù rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi níyàwó, nítorí náà èmi ni mò ń sọ "ẹ" fún un, òun ló ń sọ "ìwọ" fún mi, ó sì máa ń tẹnu mọ́ ọn kó lè dùn mí. Ó ti pé ọdún méjì tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láìníṣẹ́, tó ń sùn sí yàrá tó yẹ kí n máa kó pépà mi sí.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, nínú yàrá iwájú tó kọjú sí títì. Ìbéèrè ìdánwò, lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé gbọọrọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ kí wọ́n tó jáde ní yunifásítì, èmi ni mò ń tẹ̀ wọ́n. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì ti dàgbà. Lọ́dún tó kọjá, Ẹnjiníà ní òun fẹ́ bá mi tún un ṣe, ló bá nu iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kúrò lórí ẹ̀ bí ẹni ń nu tábìlì. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé èmi ni mo ní kó o má tọ́jú ẹ̀dà ni?" Kò bẹ̀ mí. Títí di òní olónìí, kò bẹ̀ mí.

Olórí ilé-ìwé kan wà tó máa ń gbé ìbéèrè ìdánwò wá fún mi. Ìyáàfin náà sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé àwọn ní ogójì kọ̀ǹpútà tó ti gbó bíi tèmi, tí ètò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ti di ti àtijọ́, àti pé àwọn ń wá ẹni tí àwọn máa gbà síṣẹ́ láti máa bójú tó wọn. Ọkọ mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní àbúrò òun wà ńlẹ̀. Wọ́n ní kò burú, kó kọ́kọ́ fi ètò tuntun sórí tèmi, àwọn á wá wò ó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Tó bá ṣiṣẹ́ lójú àwọn, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ẹnjiníà gbé díìsì tuntun kan dé, ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, kékeré, tó yára. Ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ díìsì mi àtijọ́ tí gbogbo iṣẹ́ mi wà lórí ẹ̀, ó ki fíláàsì tí ètò tuntun wà nínú ẹ̀ bọ ara kọ̀ǹpútà, ó sì fi ètò náà sórí díìsì tuntun. Mo dúró tì í bí ọlọ́pàá. Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ, àbí?"

Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀, mo tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà, mo yọ díìsì àtijọ́, mo fi aṣọ ìnujú wé e, mo sì jù ú sínú àpò mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, mo ṣáà ti wò ó lánàá. Èrò mi ni pé orí díìsì tuntun ni ètò tuntun wà, kí ló wá kan tàtijọ́? Ó lè máa fi kọ̀ǹpútà yangàn níwájú àlejò rẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ mi mọ́ láé.

Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí mọ́tò olórí ilé-ìwé fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tí kì í jókòó láìkọ́kọ́ nu àga ni wọ́n. Ẹnjiníà ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti lọ̀ ọ́ kankan. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Fáànù inú kọ̀ǹpútà dún. Ojú rẹ̀ dúdú kirimú. Nígbà tó yá, ìlà funfun kan jáde lójú rẹ̀ tó ní òun ò rí díìsì tí òun lè fi gbéra.

"Ẹ má dá a lóhùn, mà," ni Ẹnjiníà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Ó pa á, ó tún un tàn. Ìlà funfun yẹn náà ni. Ó tún un pa. Bó ṣe ń tàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń tẹ bọ́tìnnì kan lórí kíbọọ̀dù lemọ́lemọ́ bí ẹni ń pa kòkòrò, títí ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan fi ṣí, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tó máa kọ́kọ́ wò. Díìsì tuntun wà níbẹ̀ ketekete. Ó gbé e síwájú gbogbo nǹkan yòókù. Ìlà funfun ló tún jáde. Ó pààrọ̀ kéébù. Ó tún ki fíláàsì bọ̀ ọ́, ó tún yọ ọ́. Òógùn ti ń bọ́ láti iwájú orí rẹ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì.

Inú mi ń dùn. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

"Ẹnjiníà, ṣé kò sí wàhálà o?" mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í.

"Jẹ́ kí n gbọ́ràn."

"Mo kàn ń bèèrè ni. Àlejò ń dúró."

Ìyáàfin náà wo aago ọwọ́ wọn. "Ṣé ó ṣiṣẹ́ lánàá ṣá?"

"Ó ṣiṣẹ́, mà. Ìyàwó wa rèé, ìṣojú ẹ̀ ni mo ṣe é. Ìwọ, sọ fún wọn."

"Mo rí i pé nǹkan kan ń tàn," mo fèsì. "Mi ò mọ kọ̀ǹpútà bíi tiyín."

Ó wò mí bí ẹni pé kó gbá mi létí. Lẹ́yìn náà ló mú síkírúdíráfà, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kéébù kan ń fì dirodiro, kò sí ohunkóhun lẹ́nu ẹ̀.

"Wọ́n ti yọ díìsì kan kúrò níbí," ló wí. "Ta ló yọ ọ́?" Ó yíjú sí ìyáàfin náà, ó ń sáré sọ̀rọ̀. "Díìsì méjèèjì ló wà nínú ẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é, mà. Orí tuntun ni ètò wà, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé orí tàtijọ́ ló lọ kó ohun tó fi ń gbéra sí. Tí wọ́n bá dá a padà, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Àṣé èmi ni mo fà á láìmọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ni àpò wà. Kí n bẹ̀rẹ̀ kí n mú un ni gbogbo ohun tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni mo rántí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta mi, mo rántí "Ṣé èmi ni mo ní kó o má tọ́jú ẹ̀dà," ọkàn mi sì le gbagidi. Mo fẹsẹ̀ ti àpò náà sábẹ́ tábìlì.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. "Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. Mo ti pèsè ẹnu mi sílẹ̀ de ariwo rẹ̀, mo mọ ohun tí màá sọ padà fún un. Kò pariwo. Ó kọjú sí ìyáàfin náà.

"Ẹ má bínú, mà. Àṣìṣe tèmi ni. Ó yẹ kí n ti yọ tàtijọ́ kúrò kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ẹ̀yìn aṣọ wọn. "Ogójì ni tiwa o. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá ń ṣe yín báyìí..." Wọn ò parí ẹ̀. "Ẹnìkan ṣì ń bọ̀ wá rí mi ní aago mọ́kànlá. Màá gbọ́ tiẹ̀."

Ó sìn wọ́n jáde. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, mo gbọ́ tó tì. Nígbà tó wọlé padà, ó na ọwọ́ sí mi.

"Mú un wá."

"Kí n mú kí ni wá?"

"Ohun tó o fẹsẹ̀ tì sábẹ́ tábìlì."

Mo mú un fún un. Ó tú aṣọ ìnujú kúrò lára ẹ̀, ó so díìsì padà, ó tan kọ̀ǹpútà. Kíá ló gbéra. Gbogbo ìwé mi wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yẹn gan-an ni inú wá bí mi. "Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà, ẹ wá dákẹ́ kí iṣẹ́ lọ?"

"Ṣé kí n máa tú àpò ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi níwájú àlejò ni? Kí n wá sọ kí ni fún Bùrọ̀dá tó bá dé?"

"Ẹ kàn lè ní kí n..."

"Mo bi ẹ́. Mo ní ta ló yọ ọ́. Mo tún ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnu ẹ ni mò ń wò. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́tò fún wọn tán, mo tún bojú wẹ̀yìn bóyá wàá jáde." Ó kó síkírúù rẹ̀ sínú agolo. "Iṣẹ́ ẹ pé. Kà á wò."

Ó wọ yàrá yẹn, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ojú tì mí, ìtìjú náà sì tún bí mi nínú. Aago mẹ́wàá ò tíì lù. Ilé-ìwé yẹn ò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ láti ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ ò sì dùn mí tí mo bá fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún ìyáàfin náà. Mo fa àga mi sún mọ́ tábìlì, mo ṣí ìbéèrè ìdánwò tí mo fẹ́ tẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mò ń tẹ̀ ẹ́ títí aago mọ́kànlá fi lù.