Àmín Tí Ràyhánà Ṣe Lórí Ìyèré

Tìbínú-tìbínú ni Ràyhánà fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò gbaka ní ọjà Adjamé. Àwọn àgbà ọjà kí i, kò dáhùn. Ọmọ Ìgbòho tí kì í kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, orúnkún rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Abobo ló ti ń bọ̀, nílé Tanti Mọ́síùrá, àbúrò ìyá rẹ̀, tí jẹjẹrẹ ọyàn ń bá jà. Ó gbé ọsàn lọ kí i láàárọ̀, ó sì bá a lórí ẹní, ọyàn òsì wú gọ̀ǹgọ̀, aṣọ tí wọ́n fi dì í rin gbingbin.

"Tanti, ìgbà wo lẹ gba chimio gbẹ̀yìn?"

"Abẹ́rẹ́ tó ń gbọn irun orí mi dànù bí ewé yẹn? Mo ti fi í sílẹ̀ látìgbà ààwẹ̀." Mọ́síùrá na ọwọ́ sí ìgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. "Àgbo ìyèré rẹ ni mò ń mu."

"Àgbo ìyèré tèmi?"

"Èyí tí ìwọ fúnra rẹ wá rí, tí Alhaji ń sè. Àbí ojú mi kọ́ lo ṣe kúnlẹ̀ ní ìpàdé, tí o ṣe àmín?"



Lóòótọ́ ló kúnlẹ̀. Labo kan, ilé ìwádìí oògùn, ní Bingerville ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyèré sì ni iṣẹ́ rẹ̀: ìtàkùn tó ń gun igi nínú igbó, tí èso rẹ̀ ń pọ́n ṣùù lórí ìtàkùn, tó sì ń dúdú bó bá gbẹ. Ó ń yọ àwọn èròjà inú èso náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn pa díẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó kán an sí. Nínú awo dígí ni o, kì í ṣe nínú ara ènìyàn. Ọ̀gá rẹ̀, Madame Christelle, tilẹ̀ fi rẹ́rìn-ín pé, "Jáfẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà máa pa á nínú awo."

Alhaji Lúkmánì, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń ta ìyèré fún labo náà. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń fi ọjà òun ṣe, Ràyhánà sì ṣàlàyé fún un. Nígbà tí àwọn ọmọ Ìgbòho pàdé ní Treichville, Alhaji dìde, ó ní kí Ràyhánà kúnlẹ̀ sáàárín, ó kéde pé, "Ọmọ wa ti rí oògùn jẹjẹrẹ!" Kó tó la ẹnu, àdúrà ti bò ó mọ́lẹ̀. Ta ni yóò dá àgbà dúró pé irọ́ ni, nígbà tí ọwọ́ àgbà wà lórí rẹ̀? Ó ṣe àmín. Ó rò pé wọn yóò gbá ọ̀rọ̀ náà dànù pẹ̀lú ìrẹsì tó dà sílẹ̀.

Nígbà tó dé ọjà lọ́jọ́ náà, ìgò àgbo ló kọ́kọ́ rí níwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaji. Fọ́tò rẹ̀ wà lára gbogbo wọn, òun pẹ̀lú aṣọ funfun labo. Kadi, ìyá kan láti ẹ̀yà Júlà tó wá rajà, ti mú ọ̀kan lọ́wọ́.

"Dókítà ti dé!" Alhaji kígbe. "Kadi, òun gan-an rèé. Ràyhánà, kúnlẹ̀ kí ìyá."

"Ẹ kó ìgò wọ̀nyí kúrò nílẹ̀, Alhaji."

"Kí lo wí?"

"Tanti Mọ́síùrá ń jẹrà lórí ẹní. Ẹ ní kó má gba chimio mọ́."

"Èmi? Mo kàn ní kó fi èyí kún un ni."

"Ó ní ẹ sọ pé chimio máa ba àgbo jẹ́."

Alhaji wo ilẹ̀, ó tún gbé ojú sókè, ìbínú ti kún un. "Ta ló gbà ọ́ sílé nígbà tí bàbá rẹ kú? Àárín àpò ìyèré yìí kọ́ lo sùn dàgbà?"

"Ẹ̀yin ni. Mo rántí àmì àpò tó ń wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi láràárọ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe ń jí mi bí òjò bá dé, kí n kọ́kọ́ wọ́ àpò kúrò nínú omi kí n tó gbé ìwé mi. Mi ò gbàgbé ìkankan. Ṣùgbọ́n oore yín ò ní kí ẹ fi ojú mi pa ènìyàn."

Ó yíjú sí Kadi, ó yí ohùn sí Faransé, ó sì gbé e sókè kí ìlà ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́. "Maman, èmi ni mo wà lára ìgò yẹn. Mi ò rí oògùn jẹjẹrẹ kankan. Nínú awo dígí labo ni ìyèré ti pa jẹjẹrẹ. Jáfẹ́ẹ̀lì náà máa pa á nínú awo. Ṣé ẹ máa mu jáfẹ́ẹ̀lì?"

Kadi gbé ìgò náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Eh, Alla! Lúkmánì!"

"Ọmọ tí wọ́n fi ìyèré tọ́," ọkùnrin kan ké láti ìsọ̀ kejì, "ṣé ẹ rò pé kò ní ta ni?"

Ẹ̀rín bú. Alhaji nàka sí Ràyhánà. "O dójú tì mí láàárín ọjà. Má pè mí ní bàbá mọ́."

"Mo gbọ́, Alhaji," ni Ràyhánà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ara rẹ̀ kúrò lára ìgò, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró.

Nígbà tó padà dé Abobo, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹní, ó sọ gbogbo rẹ̀. 

"Lọ́jọ́ tí o kúnlẹ̀ níjọ́sí," Mọ́síùrá bi í, "ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe oògùn?"

"Mo mọ̀, Tanti."

"O mọ̀. O wá ṣe àmín lójú mi."

 Gbogbo ìbínú tí Ràyhánà kó lọ sí Adjamé, ojú Tanti ló ti wá bá a padà.

Mọ́síùrá fi ọwọ́ ti ìgò ṣubú, àgbo dúdú ṣàn sórí símẹ́ǹtì, òórùn ìyèré gba yàrá. Ó di èjìká Ràyhánà mú, ó fi gbé ara rẹ̀ dìde.

"Wá takisí. Gbé mi lọ sí ọsibítù. Má sì bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà."