Abẹ́rẹ́ Tó Wálẹ̀ Lójú Ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́

Oòrùn ti mú gan-an lọ́jọ́ tí ìlú wọn ń ṣe ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ọdọọdún. Verna Hrynkiw ló wà nídìí ìdarí ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù àtijọ́ tí Stefan, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, fi sílẹ̀ fún un, ó ń rọra wọ́ tẹ̀lé àwọn katakata tó ṣíwájú. Orville, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, jókòó tì í, ó ń ju súìtì sí àwọn ọmọdé létí títì.

Kì í ṣe torí súìtì ni Orville ṣe bá a wọkọ̀ o. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára ọkọ̀ yìí, kò sì yé yọ Verna lẹ́nu. Àdéhùn wọn ni pé bí ọkọ̀ náà bá dé ilé ọkà gogoro tó wà lópin ìlú láìkú, Orville ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ láé. Bó bá kú lọ́nà, abà Orville ló ń lọ. Verna gbà bẹ́ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn oníjó tó wà níwájú dúró jó, gbogbo ọkọ̀ bá dúró. Ni abẹ́rẹ́ géèjì tó ń fi agbára ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì hàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọgọ́ta ló wà láàárọ̀, ó ti di mẹ́wàá báyìí.

"Ìyàwó wa, pa á! Ẹ́ńjìnì ti lọ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ jàre."

"Kí n fara balẹ̀ kẹ̀? Ṣé o fọ́jú ni? Abẹ́rẹ́ ti fẹ́ kan òdo!"

Ọwọ́ Verna tilẹ̀ ti kan kọ́kọ́rọ́. Ló bá rántí Lorne mẹkáníìkì. Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ ra ọ́ìlì tó ki lọ́dọ̀ rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ má baà máa wálẹ̀ mọ́. Lorne ò tà á fún un, ẹ̀rín ló fi í rín.

"Àǹtí Verna, ẹ fẹ́ pa ẹ́ńjìnì ni? Láàárọ̀, ọ́ìlì ṣì ki, tipátipá ni pọ́ǹpù fi ń tì í, ìyẹn ló ń gbé abẹ́rẹ́ sókè. Tó bá gbóná, á ṣàn, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún wá dúró sójú kan, pọ́ǹpù ò sáré mọ́, á tún wálẹ̀ sí i. Ẹ kàn tẹ iná díẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè sáré. Tó bá gòkè, ẹ máa gbádùn ara yín. Tí ò bá gòkè, tàbí tí ẹ́ńjìnì bá ń ró kò-kò-kò, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pa á."

Verna fi jíà sí fíríì, ó tẹ iná. Abẹ́rẹ́ gòkè dé ogójì, ẹ́ńjìnì ò sì ró kò rárá.

"Ẹ ò rí i? Ó gbóná ni, kò kú."

Orville tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Súìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo, kò gbọ́.

"Tún tẹ̀ ẹ́," ló wí. Verna tún tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ tún gòkè.

"Èmi àti Stefan la jọ ra ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà, bákan náà ni wọ́n rí," ni Orville wí. "Nínú irú èrò báyìí ni abẹ́rẹ́ tèmi wálẹ̀. Mo pa á, mi ò tan án mọ́ láti ọjọ́ náà. Stefan ní kí òun bá mi wò ó. Mo ní kí ni àbúrò mi fẹ́ fi hàn mí. Mo ní kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá wọ́ ọ lọ. Àṣé ó kàn gbóná ni."

Verna ti to èébú sílẹ̀ de ọkùnrin yìí láti àárọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ọkà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ Orville. "Ẹ sún sídìí ìdarí, ẹ̀yin lẹ máa wà wá délé."

Orville sún. Kó tó wakọ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ iná. Nígbà tó rí i tí abẹ́rẹ́ ń gòkè, ó bú sẹ́kún tí kò sun níbi ìsìnkú Stefan.